A Kì í Fárí Lẹ́yìn Olórí: Bí A Ṣe Ń Wádìí Ìmọ̀ Ara Ẹni àti Agbára Ìpinnu Lọ́dọ̀ Aláìsàn Ọpọlọ

Ìbéèrè méjì ló máa ń rú lójú fún nọ́ọ̀sì, dókítà tàbí òṣìṣẹ́ ìlera tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìtọ́jú àrùn ọpọlọ. Àkọ́kọ́: ǹjẹ́ aláìsàn yìí mọ̀ pé ara òun kò yá? Èkejì: ǹjẹ́ ó lè fúnra rẹ̀ pinnu lórí ìtọ́jú tí a fẹ́ fún un? Ọ̀pọ̀ ló ń fi ìdáhùn àkọ́kọ́ dáhùn èkejì. Bí aláìsàn bá ti lè ní "Kò sóhun tó ń ṣe mí," wọ́n á kọ ọ́ sí fáìlì pé kò lè pinnu ohunkóhun, wọ́n á kọjú sí ẹbí rẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání nínú ẹ̀kọ́ yìí ni pé ìbéèrè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìwọ̀nyí, ọ̀nà tí a ń gbà wádìí wọn sì yàtọ̀. Ẹni tó bá dà wọ́n pọ̀ lè fi ẹ̀tọ́ ọmọnìkejì rẹ̀ dù ú láìmọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ìlú Aladja kọ́ ẹ̀kọ́ náà. Ìlú Urhobo ni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Udu, nítòsí Warri ní ìpínlẹ̀ Delta. Nígbà tí ilé iṣẹ́ irin Delta Steel bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1982, àwọn òṣìṣẹ́ rọ́ wá láti ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ọmọ Yorùbá sì wà lára wọn. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ìlera ní agbègbè náà lè gbọ́ Urhobo, Ijaw, Itsekiri, Yorùbá àti Pidgin láàárín òwúrọ̀ kan ṣoṣo. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Uselu, ní Benin City, kì í ṣe ibi tí èèyàn á fẹsẹ̀ rìn dé. Nítorí náà, kí aláìsàn tó rí dókítà ọpọlọ, òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò ni yóò ti kọ́kọ́ bi í ní ìbéèrè.

Ẹ jẹ́ ká wá rò ó pé bàbá kan, ọmọ Ìbàdàn tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ irin, tó sì fi Aladja ṣe ilé, ni wọ́n mú wá bá wa. Kò rí oorun sùn mọ́. Ó ń gbọ́ ohùn lóru tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ó sì ní aládùúgbò òun ń bu nǹkan sínú kànga. Ó tún ní àtọ̀gbẹ, egbò kan sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tí kò jinná. Ìyàwó rẹ̀, ọmọ Urhobo, ló mú un wá. Ìpinnu méjì ló wà nílẹ̀: abẹ́rẹ́ oògùn tí yóò mú ọkàn rẹ̀ balẹ̀, àti ìtọ́jú egbò ẹsẹ̀ náà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìmọ̀ ara ẹni, ìyẹn bí aláìsàn ṣe mọ àìsàn rẹ̀ tó. Ní 1990, Anthony David, dókítà ọpọlọ kan ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ṣàlàyé pé ọ̀nà mẹ́ta ló pín sí. Èkíní, kí èèyàn mọ̀ pé àìsàn ń ṣe òun. Èkejì, kí ó lè ka àwọn ohun àjèjì tó ń rí tàbí tó ń gbọ́ sí ara àìsàn náà. Ẹ̀kẹta, kí ó gbà láti tọ́jú ara rẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í sábà rìn pọ̀. Bàbá wa lè sọ pé, "Ara mi ò balẹ̀ mọ́, ó yẹ kí n rí dókítà." Èkíní ti wà nìyẹn. Ó tún lè sọ pé, "Ṣùgbọ́n ohùn tí mo ń gbọ́ yẹn, òótọ́ ni." Èkejì kò sí. Kó wá fi kún un pé, "Ẹ fún mi ní oògùn oorun, màá lò ó." Ẹ̀kẹta wà dé àyè kan. Bí ẹ bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé "kò ní ìmọ̀ ara ẹni," ẹ ti gbé ohun méjì tó lè ràn yín lọ́wọ́ sọnù. Ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu rẹ̀ jáde gan-an ni kí ẹ kọ.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ni àìmọ àìsàn ẹni. Nínú ìwádìí ńlá tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe lórí àrùn ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní schizophrenia ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án, tí Ìbàdàn wà lára àwọn ibùdó rẹ̀, tí wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1973, àìmọ̀ yìí ni àmì tó wọ́pọ̀ jù lọ. Wọ́n rí i lára nǹkan bí 97 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí gbogbo ẹ̀rí fi hàn pé àrùn náà ló ń ṣe wọ́n. Aláìsàn tó ní kò sóhun tó ń ṣe òun kò fi orí kunkun ṣe é. Àìsàn náà fúnra rẹ̀ ló bo ojú rẹ̀. Bíbá a jiyàn kò lè ṣí ojú ọ̀hún.

Ẹ ṣọ́ra níbì kan o. Bí bàbá náà bá ní "Àwọn ọ̀tá ló ń bá mi jà," ẹ má tíì ka ìyẹn sí àìmọ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá àti ní ilẹ̀ Urhobo, ẹgbàágbèje èèyàn tí orí wọn pé ló gbà pé ayé lè fi àìsàn ṣe èèyàn. Ẹ bi ìyàwó rẹ̀ àti àwọn tí wọ́n jọ ń jọ́sìn bóyá bí àwọn náà ṣe gbà á nìyẹn. Ẹ wá bi bàbá fúnra rẹ̀ bóyá ó ti kíyè sí i pé nǹkan yí padà lára òun, bóyá ìyípadà náà ń dí i lọ́wọ́, àti bóyá ó fẹ́ ìrànlọ́wọ́. Ẹni tó gbà pé ayé ló ṣe òun, tó sì mọ̀ pé ara òun kò yá, ní ìmọ̀ tí a lè bá a lò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo, dókítà ọpọlọ, mọ èyí dáadáa. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Aró, Abẹ́òkúta, ní 1954, ó jẹ́ kí aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ẹbí nínú àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, ó sì gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra nínú iṣẹ́ náà. Kò ní kí aláìsàn kọ ìgbàgbọ́ àwọn bàbá rẹ̀ sílẹ̀ kó tó gba oògùn.

Ó wá kan agbára láti pinnu. Ní 1988, Paul Appelbaum àti Thomas Grisso, olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, tọ́ka sí ohun mẹ́rin tó yẹ ká wò. Ohun àkọ́kọ́ ni òye: ǹjẹ́ aláìsàn gbọ́ ohun tí a sọ fún un yé? Ìkejì ni pé kó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kan òun gan-an. Ìkẹta ni pé kó lè fi àǹfààní àti ewu wé ara wọn. Ìkẹrin ni pé kó lè sọ ohun tó fẹ́, kó sì dúró lórí rẹ̀. Ìbéèrè tí a fi ń wò wọ́n kò le, bí a bá bọ̀wọ̀ fún ẹni tí à ń bi:

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹnu yín sọ ohun tí mo ní abẹ́rẹ́ yìí máa ṣe."

"Ọmọ mi, o ní á jẹ́ kí n sùn, kí ọkàn mi balẹ̀. O tún ní ó lè jẹ́ kí ọwọ́ mi máa gbọ̀n."

"Ẹ ṣeun, sà. Ṣé ẹ̀yin náà rò pé ó lè ṣe yín láǹfààní?"

"Bóyá. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ ẹ."

"Kí ló dé tí ẹ ò fẹ́ ẹ, sà?"

Ìdáhùn ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni kí ẹ tẹ́tí sí jù. Bó bá ní, "Ọwọ́ yìí ni mo fi ń tún rédíò ṣe jẹun, mi ò fẹ́ kó gbọ̀n. Oníhóró ni kí ẹ fún mi, díẹ̀díẹ̀," ó ti ro ọ̀rọ̀ náà já, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ìpinnu rẹ̀ kò bá tiwa mu. Bó bá ní, "Aládùúgbò mi ti bu nǹkan sínú abẹ́rẹ́ yín," àìsàn ló ń bá a pinnu nìyẹn. Kíkọ̀ kan náà ni, ìdí rẹ̀ ló yàtọ̀. Ìdí yẹn ni à ń wádìí. A kì í wò ó bóyá aláìsàn gbà fún wa tàbí kò gbà. Bó bá sì gbà láìsọ̀rọ̀, ẹ bi í ní ìbéèrè kan náà, torí ẹni tó kàn mi orí lè má lóye ohun tó gbà.

Ibi tí ìmọ̀ ara ẹni ti pàdé agbára ìpinnu ni ohun kejì yẹn: kí èèyàn rí i pé ọ̀rọ̀ náà kan òun. Ẹni tó gbà pátápátá pé kò sí àìsàn lè má rí ìdí tí oògùn fi kan òun. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oògùn yẹn nìkan ni èyí bà jẹ́. Ó lè ṣì pinnu dáadáa lórí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, lórí ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀, tàbí lórí egbò ẹsẹ̀ rẹ̀.

Irú ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yìí ti dé ilé ẹjọ́ rí. Ní 1993, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin ẹni ọdún 68 kan tí schizophrenia ń ṣe wà ní ilé ìwòsàn Broadmoor. Ó gbà pé dókítà olókìkí lòun. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jẹrà, oníṣẹ́ abẹ sì ní àfi kí wọ́n gé e. Bí wọn ò bá gé e, ìrètí pé yóò yè kò ju 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ọkùnrin náà kọ̀. Adájọ́ Thorpe bi ara rẹ̀ ní ohun mẹ́ta: ǹjẹ́ ọkùnrin yìí lóye ohun tí wọ́n sọ, tó sì fi í sọ́kàn? Ǹjẹ́ ó gbà á gbọ́? Ǹjẹ́ ó gbé e yẹ̀wò kó tó pinnu? Ó rí i pé bẹ́ẹ̀ ni, ó sì pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé ẹsẹ̀ náà láìgba ìyọ̀ǹda rẹ̀. Wọ́n fi ọ̀nà mìíràn tọ́jú rẹ̀, kò sì kú. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kì í ṣe pé aláìsàn ló máa ń jàre. Ohun tó kọ́ wa ni pé orúkọ àìsàn kò tó láti gba ìpinnu kúrò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àwọn ìwádìí sì fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà ní ojú méjì. Nígbà tí Grisso àti Appelbaum wọn agbára ìpinnu àwọn tó wà ní ilé ìwòsàn nítorí schizophrenia, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1995, nǹkan bí ìdajì wọn ló ṣe dáadáa nínú gbogbo ìdánwò náà. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2008 rí i pé nǹkan bí 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n gbà sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ni kò lè pinnu lórí ìtọ́jú wọn ní àkókò yẹn. Nítorí náà, a ò lè sọ pé gbogbo wọn lè pinnu, a ò sì lè sọ pé ẹnì kankan nínú wọn kò lè pinnu. Àfi ká bi olúkúlùkù.

Báwo la ó ṣe bi wọ́n? Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ẹni tó wà níwájú yín lè pinnu, títí ìdí yóò fi hàn pé kò lè ṣe é. Ẹ fi èdè tó fi ń lá àlá bá a sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá nílò ògbifọ̀, ẹ má lo ọmọ kékeré inú ilé, ẹ má sì lo ẹni tí aláìsàn ń fura sí. Ẹ má bi í nígbà tí ebi ń pa á tàbí tí oògùn ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún lóorun. Ẹ gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kó tún un sọ. Bí kò bá lè pinnu lónìí, ẹ padà wá lọ́la, torí ọkàn tó dàrú lè tún balẹ̀. Ẹ gbọ́ ti ẹbí, torí àwọn ló mọ irú ẹni tó jẹ́ kí àìsàn tó dé, àmọ́ kí ẹbí má gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Kódà bó bá hàn pé kò lè pinnu, ẹ bi í ní ohun tó fẹ́, kí ẹ sì ṣe é dé ibi tí kò ti ní pa á lára. Ẹ kọ ìpinnu tí ẹ wádìí, ọjọ́, wákàtí àti ìdí sínú fáìlì.

Òfin náà ti wà lẹ́yìn wa báyìí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin wèrè tí wọ́n fi lọ́lẹ̀ láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n tún ṣe gbẹ̀yìn ní 1958, ni Nàìjíríà ń lò. Ní oṣù Kínní 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tó fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ láti lóhùn sí ìtọ́jú rẹ̀. Kí òfin náà tó dé, ní 2019, àjọ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn Human Rights Watch ti fi hàn pé wọ́n ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de aláìsàn mọ́lẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi ní Nàìjíríà. Ọwọ́ yín, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ni òfin náà wà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lára aláìsàn tí ẹ máa rí lọ́la: kí ẹ tó kọ "kò lè pinnu" sí fáìlì ẹnikẹ́ni, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó tì í, kí ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́rin yẹn, kí ẹ sì gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ tán.