Bí Omi Badia Bá Bo Họ́ọ̀bù, Ẹ Tú Bẹ́árìn

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń fi píkọ́ọ̀pù jẹun ní Ìjọra Badia, ẹ̀yin tí ẹ ń kó ẹrù láti Àpápá lọ sí Ajégúnlẹ̀ àti Amùkòkò, ọ̀rọ̀ bẹ́árìn ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Bí bẹ́árìn bá jẹ tán, odidi táyà lè bọ́ lórí eré, ẹni tó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ lẹ́bàá títì ló sì lè gbà á.

Ẹ̀rọ tó lágbára ni bẹ́árìn o. Irú èyí tó wà lẹ́sẹ̀ iwájú ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù àtijọ́, tí irin inú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ lápá kan tó sì nípọn lápá kejì, Henry Timken ló gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 1898. Ẹni tó ń kan kẹ̀kẹ́ ẹṣin ní ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà ni. Ohun tó ń wá ni bẹ́árìn tí yóò ru ẹrù, tí kò sì ní tètè jẹ bí kẹ̀kẹ́ bá ń yà ní kọ́nà. Ó rí i ṣe. Àmọ́ gírísì ló ń dá ẹ̀mí rẹ̀ sí, omi ló sì ń ba gírísì jẹ́.

Ìwé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń ní kí á tú u, kí á fọ̀ ọ́, kí á fi gírísì tuntun sí i ní bíi 40,000 sí 50,000 kìlómítà. Ẹni tó kọ ìwé yẹn kò ro ti Badia. Ilẹ̀ àbàtà la wà yìí. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kó àwọn ará Olúwọlé kúrò ní 1973 kí wọ́n lè kọ́ Tíátà Orílẹ̀-èdè sí Igánmú, ibí ni púpọ̀ nínú wọn bọ́ sí, pàǹtí àti lẹ́bú pákó ni àwọn èèyàn sì fi ń dí àbàtà kí wọ́n tó rí ibi kọ́lé. Bí òjò oṣù kẹfà bá dé, omi kì í tètè rí ibi gbà, àgàgà bí ọ̀sà bá kún.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà náà. Họ́ọ̀bù, irin àárín táyà tí bẹ́árìn wà nínú rẹ̀, ti gbóná bí ọkọ̀ bá ti ń sáré bọ̀ láti Mile 2, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì ti fẹ̀. Bó bá ṣe kó sínú omi tútù lójijì, afẹ́fẹ́ yẹn á súnkì, á sì fa omi wọlé gba ẹnu síìlì, pàápàá síìlì tó ti gbó. Omi á pò mọ́ gírísì títí á fi funfun bí ògì, irin á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún. Ọkọ̀ á ṣì máa lọ, kò ní sọ nǹkan kan fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìyẹn gan-an ló ń tan awakọ̀ jẹ.

Nítorí náà, ọjọ́ tí omi bá bo họ́ọ̀bù, ẹ má ka kìlómítà mọ́. Ẹ tú u láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Bí omi kò bá tilẹ̀ bò ó, ẹ tú u lẹ́ẹ̀kan lọ́dún nígbà tí òjò bá dá, ní oṣù kọkànlá. Owó gírísì àti síìlì kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ẹ ó ná bí bẹ́árìn bá jóná mọ́ irin tó gbé e dúró.

Bẹ́árìn tó ń bàjẹ́ máa ń dún. Bí ẹ bá gun Afárá Èkó láti Ìjọra lọ sí Apọ́ngbọ̀n, ẹ pa rédíò. Bí nǹkan bá ń kùn, tó ń lágbára sí i bí eré ṣe ń pọ̀, ẹ fọkàn sí i. Bó bá túbọ̀ ń kùn nígbà tí ẹ bá yà sósì, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, torí ọ̀tún ni ẹrù ń rọ̀ sí nígbà náà. Ẹ fi jáàkì gbé e, kí ẹ fi ohun tó dúró ṣinṣin tì í nísàlẹ̀, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan. Ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, ẹ mì ín. Bó bá ń mì, kí ẹnì kan tẹ bíréèkì. Bí mímì náà bá dáwọ́ dúró, bẹ́árìn ni. Bí kò bá dáwọ́ dúró, ẹ lọ yẹ bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì wò. Mo ti rí àwọn tó ra bẹ́árìn tuntun sí ọkọ̀ tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì rẹ̀ ló jẹ.

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì, kẹrosíìnì ni kí ẹ fi fọ bẹ́árìn, ẹ má fi bẹntiróòlù ṣeré lẹ́bàá iná. Ẹ má fi atẹ́gùn fọkanáísà yí i kó máa han, ó lè fọ́ ká síni lójú. Bí ara irin bá ti ní ihò wẹ́wẹ́, tàbí tí ooru ti yí àwọ̀ rẹ̀ padà, ẹ jù ú nù pẹ̀lú òrùka irin tó jókòó sí. Ẹ má ra bẹ́árìn tòkunbọ̀ dí i. Gírísì kan náà ni kí ẹ lò, ẹ má pa oríṣi méjì pọ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọ inú bẹ́árìn láti apá tó fẹ̀ títí yóò fi yọ lápá kejì. Ẹ má rọ ọ́ kún họ́ọ̀bù bámúbámú, ooru ló ń fà. Síìlì tuntun, píìnì tuntun. Bó bá wá kan nọ́ọ̀tì tó di bẹ́árìn mú, ẹ máa yí táyà bí ẹ ṣe ń fún un, ẹ dẹ̀ ẹ́, kí ẹ tó fún un ní ìwọ̀n tí ìwé ọkọ̀ sọ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bẹ́árìn tí ẹ bá fún le koko á jóná kí ó tó jìnnà.

Ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù tuntun wà tí bẹ́árìn wọn dì pa. Wọn ò gba gírísì. Bó bá ti ń kùn, pípààrọ̀ ni. Tuntun tàbí àtijọ́, ẹ má di ẹrù jù: àpò sìmẹ́ńtì 20 ti pé tọ́ọ̀nù kan, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù lè rù. Ẹni tó bá ń di 30 sẹ́yìn ọkọ̀, bẹ́árìn ló ń jẹ.

Ìwọ tí omi bo họ́ọ̀bù rẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá, jọ̀ọ́ ọmọ mi, gbé ọkọ̀ náà lọ bá mẹkáníìkì rẹ lọ́la, kí o tó gba ẹrù mìíràn.