Férémù Kì Í Gé Orí: Bí Àwòrán Ṣe Ń Sọ Obìnrin Dà Nínú Ìtàn

Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí bí àwòrán ṣe ń sọ irú ẹni tí obìnrin jẹ́ nínú ìtàn àròsọ, kí obìnrin náà tó la ẹnu rárá. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ojú ta ni? Ojú ẹni tí à ń wò ni, àbí ojú ẹni tó ń yà á?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Dublin tí mò ń gbé. Nínú National Gallery of Ireland, àwòrán ńlá kan wà tí Daniel Maclise kùn ní 1854. Ìgbéyàwó Aoife, ọmọ ọba Leinster, àti Strongbow ló yà, èyí tó wáyé ní 1170 lẹ́yìn tí ogun kó Waterford. Ọdún 684 ló wà láàárín ìgbéyàwó yẹn àti àwòrán náà, nítorí náà, àròsọ ni. Ẹ wo Aoife: ìmọ́lẹ̀ bà lé e, ó tẹrí ba, ọkọ ń fi òrùka sí i lọ́wọ́, òkú sùn sílẹ̀ níwájú wọn. Àwọn ọkùnrin ló ń ṣe nǹkan. Òun ni wọ́n ń ṣe nǹkan fún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Aoife yẹn dúró fún Ireland fúnra rẹ̀. Bí obìnrin bá sì ti di ìlú, ta ló tún ń bi í ní ohun tó wù ú?

Ẹ má rò pé ti òyìnbó nìkan ni. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá, bí ìyá àgbà bá lágbára, òru ni wọ́n máa ń yà á, iná pupa lójú, kámẹ́rà á wò ó láti ìsàlẹ̀. Kò tíì sọ̀rọ̀, a ti dá a lẹ́bi. Àwa tí à ń júbà Ìyàmi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wá wo *Arugbá* tí Túndé Kèlání ṣe ní 2008. Adétutù, ọmọ yunifásítì, ni arugbá, àwọn kan sì ń fura pé bóyá kò mọ ọkùnrin ni tàbí ó mọ̀ ọ́n. Ara rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi ṣe gbogbo ìtàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n fíìmù náà tún fi í hàn wá níbi tó ti ń kàwé, tó ń kọrin. Nígbà tó bá wá gbé igbá, a mọ ẹni tó gbé e. Ní Òṣogbo pàápàá, aṣọ máa ń bo igbá Ọ̀ṣun. Ohun tó ṣe pàtàkì jù, kò sí kámẹ́rà tó rí i.

Ẹ rántí Ọ̀ṣẹ́túrá: àwọn irúnmọlẹ̀ mẹ́rìndínlógún yọ Ọ̀ṣun sílẹ̀, nǹkan wọn ò gún mọ́. Ẹni tí férémù yọ sílẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀rọ̀.

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí ni pé àwa náà ti di oníkámẹ́rà. Bí a bá ń ṣọdún òrìṣà, fóònù pọ̀ ju agogo lọ. Mo máa ń rí fídíò tí wọ́n gé orí ìyá olórìṣà kúrò, tó jẹ́ ìdí rẹ̀ nìkan ló ń jó. Agbẹ́gilére wa máa ń gbẹ́ orí tóbi ju ara lọ, torí orí ni olúwa ẹni. Ẹ̀yin tí ẹ ti bọrí, ẹ mọ ohun tí férémù yẹn gé.

Iṣẹ́ ṣíṣe: ẹ mú fíìmù kan tí ẹ fẹ́ràn, kí ẹ pa ohùn rẹ̀, kí ẹ sì dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí ní Yorùbá.

1. Ta ló ń wo obìnrin náà, láti ibo?
2. Kí ni ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe?
3. Kí ni wọ́n gé kúrò?

Ẹ bi ara yín ní ìkẹta yẹn kí ẹ tó fi fídíò ọdún sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí orí má ṣe gbàbọ̀dè fún wa. Àṣẹ.