Àpótí Ìmọ̀: Bí a ṣe ń wọn ìdọ̀tí etíkun

Ìwọ̀n ìdọ̀tí ni iye ẹyọ ìdọ̀tí tó wà lórí ilẹ̀ tó gùn ní mítà 1, tó sì fẹ̀ ní mítà 1. Ohun tí ọwọ́ ènìyàn ṣe nìkan là ń kà. Ìkarawun àti ewé kò sí nínú rẹ̀.

Àpẹẹrẹ: Ká sọ pé o fi okùn wọn ilẹ̀ kan ní etíkun Àgbádárìgì, tó gùn ní mítà 50, tó sì fẹ̀ ní mítà 4. Gígùn rẹ̀ lọ́nà fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 50 × 4 = 200. O ka ọ̀rá píọ̀ wọ́tà 38, ike omi 22, ìdérí ike 25 àti ìdí sìgá 15. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 100. 100 ÷ 200 = 0.5, ìyẹn ni pé ẹyọ ìdọ̀tí kan wà lórí ilẹ̀ tó gùn ní mítà 2, tó sì fẹ̀ ní mítà 1.

Kí ló dé tí a ò fi gbé wọn sórí òṣùwọ̀n? Ike kan tí yanrìn kún inú rẹ̀ lè wúwo ju ọgọ́rùn-ún ọ̀rá lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn ọ̀rá yẹn gan-an ló ń pa ìjàpá òkun, nítorí ó máa ń gbé wọn mì.

Ṣọ́ra fún èérún. Ọ̀rá kì í jẹrà bí ewé. Oòrùn àti ìgbì ló ń já a sí wẹ́wẹ́, ọ̀rá kan á sì di ọ̀pọ̀ ẹyọ. Nítorí náà, má ka ohun tí kò tó sẹ̀ǹtímítà 2.5. Bí o bá padà lọ ka ìdọ̀tí, orí ilẹ̀ kan náà ni kí o ti kà á.