Ẹ Fetí sí I Kí Ẹ Tó Dìde Níwájú Àgbà

Ìkìlọ̀ yìí wà fún ẹ̀yin tí ẹ ń gbé fóònù tàbí kámẹ́rà kékeré lọ bá àwọn àgbà, kí ìtàn ìlú, oríkì ìdílé àti iṣẹ́ ọwọ́ wa má baà run. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n àṣìṣe tó ń pa irú fíìmù bẹ́ẹ̀ kì í kéde ara rẹ̀. Ilé lẹ ó dé kí ẹ tó mọ̀.

Ó ṣe mí rí. Màmá àgbà kan jókòó, wọ́n ki oríkì ìdílé wọn fún mi fún ogójì ìṣẹ́jú gbáko. Mo fi máìkì há ọrùn bùbá wọn, mo wojú kámẹ́rà, àwòrán mọ́ kedere, ọkàn mi balẹ̀. N kò fi íápíìsì sétí. Ìgbà tí mo délé ni mo gbọ́ ọ pé iyùn ọrùn màmá ń ha máìkì náà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá mira. Orúkọ baba ńlá mẹ́ta ló rì sínú ariwo yẹn. Mo ní n ó padà lọ. Kí n tó padà, màmá ti papòdà.

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nìyí: ohun tó bá bàjẹ́ níwájú kámẹ́rà, ẹ́dítọ̀ kò lè sọ ọ́ di ọ̀tun. Ó lè gé e, ó lè tò ó, ó lè fi nǹkan bò ó. Ohun tí ẹ kò bá gbà sílẹ̀, kò níbi tí yóò ti rí i.

Ohùn ló ṣáájú

Èdè olóhùn ni Yorùbá. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀: ohùn nìkan ló yà wọ́n. Òǹwòran lè fara da àwòrán tó ṣú díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ohùn kò bá já gaara, ìtàn ti bọ́ nù. Nítorí náà, ẹ fi íápíìsì sétí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ fi máìkì sí àyà, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20 sí ẹnu, níbi tí ìlẹ̀kẹ̀, ìborùn tàbí agbádá tó gba sítáàṣì kò ti ní hà á.

Bí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá ń ké, ẹ lọ bẹ̀ wọ́n fún wákàtí kan. Bí wọn kò bá gbà, ẹ wọ yàrá tí bẹ́ẹ̀dì, ẹní àti aṣọ pọ̀ sí, nítorí àwọn nǹkan wọ̀nyí máa ń gbé gbohùngbohùn mì. Ẹ pa fáànù. Ẹ tẹ àmì ọkọ̀ òfurufú lórí fóònù yín, nítorí ìpè kan ṣoṣo lè dá iṣẹ́ dúró lójijì.

Ẹ máa wo ìwọ̀n ohùn. Ibi tó bá ròkè jù, kí ó wà láàárín -12 sí -6 dB. Bí ó bá kan 0, ohùn ti fọ́ nìyẹn. Ẹ wo ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, lóṣù Kẹjọ ọdún: ẹni tó gbé ìwọ̀n sókè kí ó lè gbọ́ àdúrà tí wọ́n ń gbà jẹ́ẹ́jẹ́, bí bàtá bá bú jáde, gbogbo ohun tó ń gbà sílẹ̀ yóò fọ́ yángá. Ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kí ìlù tó dún. Bí ọ̀rọ̀ bá sì parí, ẹ gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá náà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Òun ni ẹ ó fi dí àlàfo ibi tí ẹ bá gé.

Ìmọ́lẹ̀ ojú, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn

Bí baba bá kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà tí òòrùn ń ràn, kámẹ́rà yóò gba ti òòrùn rò, ojú baba yóò sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹ yí àga padà kí ìmọ́lẹ̀ bọ́ sójú wọn. Lórí fóònù, ẹ fi ìka tẹ ojú baba, ẹ dì í mú títí kámẹ́rà yóò fi tì í pa síbẹ̀.

Bí ẹ bá rí ìlà dúdú tó ń rìn kọjá lójú àwòrán lábẹ́ gílóòbù, iná ló fà á. Iná mànàmáná ní Nàìjíríà jẹ́ 50 Hz, nítorí náà gílóòbù ń ṣẹ́jú ní ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú wa kò rí i. Kámẹ́rà rí i. Ẹ fi ìyára ṣọ́tà sí 1/50 tàbí 1/100, kí àwòrán jẹ́ 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọ̀pọ̀ fóònù máa ń yan 30 fúnra wọn; bí tiyín kò bá ṣeé yí, ṣọ́tà 1/100 yóò ṣì ràn yín lọ́wọ́.

Ibi tí ẹ ń kó o pamọ́ sí

Ẹ ṣọ́ra fún mẹ́mọ́rì káàdì ayédèrú. Wọ́n á kọ 128 GB sí i lára, inú rẹ̀ kò sì tó bẹ́ẹ̀. Yóò máa ṣe bí ẹni pé ó ń gbà á, àmọ́ nígbà tí ẹ bá délé, fáìlì kò ní ṣí. Kí ẹ tó gbé káàdì tuntun ròde, ẹ fi ètò H2testw yẹ̀ ẹ́ wò lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni. Lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ẹ da iṣẹ́ kọ sí ibi méjì mìíràn, kí ọ̀kan wà ní ilé ọ̀tọ̀. Bí ẹ bá ṣèèṣì pa fáìlì rẹ́, ẹ má ya ohunkóhun sórí káàdì náà mọ́. Ètò PhotoRec lè wá a jáde, bí nǹkan mìíràn kò bá tíì gùn ún lórí.

Nídìí ẹ́díìtì

Ẹjọ́ tí mo ń gbọ́ jù ni pé ẹnu ń lọ, ohùn ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yí padà, fóònù máa ń dín iye àwòrán kù, kí ó tún fi kún un. Ètò ẹ́díìtì sì rò pé iye kan náà ni. Ẹ kọ́kọ́ gbé fídíò gba inú ètò HandBrake, kí ẹ yan Constant Framerate. Bí ẹ bá fi ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ gba ohùn, ẹ fi í sí 48 kHz, kí ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan níwájú kámẹ́rà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí. Ibi tí ọwọ́ ti pàdé àti ibi tí ó ti dún, ẹ so wọ́n pọ̀.

Ẹ má yọ ariwo kọjá ààlà: f, s àti ṣ yóò bá a lọ, màmá yóò sì dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ omi. Ẹ fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ tí ẹ bá kọ sábẹ́ àwòrán, kí ẹ sì yan lẹ́tà tó gbé e, bíi Noto Sans, kí ẹ̀ àti ọ́ má baà di àpótí òfìfo. Ẹ má gé ọ̀rọ̀ àgbà títí yóò fi sọ ohun tí wọn kò ní lọ́kàn. Bí ẹ bá fẹ́ fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi í ránṣẹ́ bí ìwé (Document), kì í ṣe bí fídíò, nítorí WhatsApp yóò fún un pọ̀.

Kí ẹ tó dìde

Nínú gbogbo rẹ̀, bí ẹ bá gbàgbé ìyókù, ẹ má gbàgbé èyí. Kí ẹ tó tú ẹsẹ̀ kámẹ́rà, ẹ tẹ ohun tí ẹ gbà: ìbẹ̀rẹ̀, àárín, òpin. Ẹ jẹ́ kí àgbà náà gbọ́ ọ pẹ̀lú yín. Kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Bí ó bá ti bàjẹ́, wọ́n ṣì wà níbẹ̀, wọ́n á tún un wí.

Títí dòní, mo ń béèrè orúkọ mẹ́ta yẹn lọ́wọ́ àwọn ọmọ màmá. Kò sí ẹni tó mọ̀ wọ́n nínú wọn.