Ta Ló Ń Pàṣẹ fún Kíndìnrín?

Ẹni tó bá ń gbé Enugu mọ ohun tí ojú ń rí lórí ọ̀rọ̀ omi. Táńkà ń gbé e wá láti 9th Mile, wọ́n á fà á sínú tánkì ilé, pọ́ńpù á sì tì í gba inú páìpù gòkè. Pọ́ńpù yẹn gan-an ni màá fi ṣàlàyé ẹ̀jẹ̀ ríru fún yín lónìí.

Ohun mẹ́ta ló ń mú kí omi fipá ti ògiri páìpù: kí pọ́ńpù lágbára jù, kí páìpù fún jù, tàbí kí omi inú rẹ̀ pọ̀ jù. Nínú ara, ọkàn ni pọ́ńpù, òpójẹ̀ ni páìpù, kíndìnrín ló sì ń pinnu iye omi àti iyọ̀ tí yóò kù nínú ẹ̀jẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ń ṣiṣẹ́ lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: òmíràn ń mú kíndìnrín tọ omi dànù, òmíràn ń dẹ òpójẹ̀, òmíràn ń mú ọkàn rọra lù.

Ṣùgbọ́n oògùn ojoojúmọ́ máa ń súni, owó rẹ̀ sì ń gúnni lára. Ní ìlú yìí, ní ilé ìwòsàn UNTH, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn ní ṣíṣí ní Nàìjíríà lọ́dún 1974, nígbà tí oníṣẹ́ abẹ ọkàn Magdi Yacoub wá bá dókítà Fabian Udekwu ṣe é. Kò yà mí lẹ́nu, nígbà náà, tí èèyàn bá bèèrè pé: ṣé kò sí iṣẹ́ abẹ tí wọ́n lè ṣe lẹ́ẹ̀kan fún ẹ̀jẹ̀ ríru, kí n bọ́ lọ́wọ́ oògùn?

Ó wà, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ gbọ́ bó ṣe rí. Àwọn iṣan tín-tìn-tín kan rọ̀ mọ́ ara òpójẹ̀ tó lọ sínú kíndìnrín, bí ìtàkùn ṣe ń rọ̀ mọ́ igi. Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní iṣan òjíṣẹ́, torí àwọn ló ń jẹ́ iṣẹ́ láàárín ọpọlọ àti kíndìnrín. Bí wọ́n bá ń pariwo ju bó ṣe yẹ lọ, ṣe ló dà bí ẹni tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ń kígbe pé “Ẹ tan pọ́ńpù!” nígbà tí tánkì ti kún. Kíndìnrín á bẹ̀rẹ̀ sí í há iyọ̀ àti omi mọ́ra, òpójẹ̀ á sì máa fún.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ṣáájú 1950, oníṣẹ́ abẹ Reginald Smithwick ní Boston máa ń la ẹ̀yìn aláìsàn láti gé irú iṣan bẹ́ẹ̀. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn wálẹ̀, ṣùgbọ́n òòyì máa ń kọ́ wọn bí wọ́n bá dìde dúró, torí iṣan tí wọ́n gé ń ṣiṣẹ́ fún ibòmíràn pẹ̀lú. Nígbà tí oògùn tó dára dé, wọ́n pa á tì.

Lóde òní, dókítà kì í lani lẹ́yìn mọ́. Ibi tí itan ti pàdé ikùn ló ti ń ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú òpójẹ̀, títí dé ọ̀nà kíndìnrín. Ìgbì rédíò, tàbí ìgbì ohùn tí etí kò lè gbọ́, ló fi ń mú ara òpójẹ̀ gbóná kí iṣan òjíṣẹ́ lè kú.

Lọ́dún 2014, wọ́n gbé èsì ìdánwò kan jáde tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà lára 535 aláìsàn. Wọ́n ṣe é fún àwọn kan. Fún àwọn yòókù, wọ́n kàn ya àwòrán òpójẹ̀ wọn, wọn ò sì sọ ẹni tó gba èwo. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò tó nǹkan. Ẹ rí i pé ìrètí nìkan kì í ṣe ẹ̀rí! Wọ́n tún irinṣẹ́ náà ṣe, wọ́n tún dán an wò, nígbà tó sì di November 2023, àjọ FDA tó ń bójú tó oògùn àti irinṣẹ́ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oríṣi méjì.

Báwo ló ṣe ń ṣe tó? Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ìfúnpá ń wálẹ̀ bíi pé wọ́n fi oògùn kan kún èyí tí wọ́n ń lò. Igbe ẹnì kan ló rọlẹ̀. Pọ́ńpù àti páìpù ṣì wà níbẹ̀. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ṣì ń lo oògùn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí kókó kan hù sí lára ẹṣẹ́ tó wà lórí kíndìnrín rẹ̀, tó ń mú kí ara há iyọ̀ mọ́ra, yàtọ̀: bí wọ́n bá yọ ẹṣẹ́ náà, ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lè lọ pátápátá.

Ẹ jẹ́ kí dókítà wá ohun tó fà á lára tiyín kí ẹ tó ronú iṣẹ́ abẹ. Títí di ìgbà náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín.