Ta Ni Ó Ni Ilé Náà?

Ẹ̀kọ́ fún ìpàdé ẹgbẹ́. Ibi kíkà: Deuteronómì 22:8, Jákọ́bù 5:1–4.

Ẹ̀yin ìyá àti arábìnrin wa nínú Olúwa, ẹsẹ kan wà nínú Deuteronómì tí a máa ń kà kọjá kíákíá. Mósè ní ẹni tí ó bá kọ́ ilé tuntun gbọ́dọ̀ mọ odi kékeré yí orí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má baà jábọ́, kí ẹ̀jẹ̀ má sì wá sí ọrùn onílé. Òrùlé wọn tẹ́ pẹrẹsẹ, ènìyàn a máa rìn lórí rẹ̀. Onílé kò ti ẹnikẹ́ni ṣubú o, síbẹ̀ òun ni a ó bi léèrè.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹsẹ yìí wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Savar, nítòsí Dhaka, olú-ìlú Bangladesh, ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 2013. Ilé alájà mẹ́jọ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Rana Plaza, ilé iṣẹ́ aránṣọ márùn-ún sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n kọ́ àwọn àjà òkè lé e láìgba àṣẹ, wọ́n tún gbé ẹ̀rọ amúnáwá ńláńlá sókè níbẹ̀. Ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, ògiri lanu. Báńkì àti àwọn ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ ti ilẹ̀kùn, wọn kò sì ṣí i lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí àwọn aránṣọ padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n sọ fún àwọn mìíràn pé bí wọn kò bá wọlé, wọn kò ní rí owó oṣù wọn gbà. Wọ́n wọlé. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà ni ilé wó. Ènìyàn 1,134 ló kú, obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn tí ó farapa sì lé ní 2,000. Owó oṣù tí ó kéré jù fún aránṣọ nígbà náà kò tó 40 dọ́là.

Ta ni ó ni ilé náà? Ọlọ́pàá mú ẹni tí ó kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n àwọn ilé ìtajà ńlá ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni wọ́n ń rán aṣọ fún. Ṣe ni àwọn ènìyàn ń wá inú àlàpà, tí wọ́n ń ṣa àmì orúkọ tí a ń rán mọ́ ọrùn aṣọ, kí wọ́n lè mọ ẹni tí ó ni iṣẹ́. Àwọn ilé ìtajà kan ní àwọn kò mọ̀ pé aṣọ àwọn wà níbẹ̀, pé agbaṣẹ́ṣe ló gbé e fún ẹlòmíràn. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń tajà mọ̀ pé ẹni tí ó dá iye owó, tí ó sì dá ọjọ́ tí ọjà gbọ́dọ̀ dé, kì í ṣe àlejò nínú ilé náà.

Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, àwọn ilé ìtajà bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fọwọ́ sí àdéhùn tí òfin dè: kí ẹnjiníà yẹ àwọn ilé iṣẹ́ wò, kí ilé ìtajà sì rí i pé owó wà láti tún wọn ṣe. Àwọn tí ó fọwọ́ sí i wá lé ní 200. Odi orí òrùlé nìyẹn, bí ó tilẹ̀ pẹ́. Ṣùgbọ́n owó ìtanràn fún àwọn tí ó farapa àti ẹbí òkú, 30 mílíọ̀nù dọ́là, kò pé títí di oṣù kẹfà 2015. Ọdún méjì gbáko! Ta ni ó lè fi ìlérí se ọbẹ̀? Jákọ́bù ní owó alágbàṣe tí a dá dúró ní ohùn, Olúwa sì ń gbọ́ ọ.

Wesley bàbá wa kọ́ni nínú ìwàásù rẹ̀ lórí lílo owó, tí a tẹ̀ ní 1760, pé kí a jèrè, ṣùgbọ́n kì í ṣe èrè tí yóò pa ọmọnìkejì wa lára.

Àwa náà ńkọ́? Ọjọ́ díẹ̀ sí àjọ̀dún ni a máa ń gbé aṣọ ẹgbẹ́ fún télọ̀, a ó tún ná an títí yóò fi gbà. Télọ̀ kò ní sọ̀rọ̀, nítorí kò fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni yóò máa tòògbé nídìí ẹ̀rọ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Lọ́jọ́ Àìkú a ó jó wọlé.

Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ìwé wá sí ìpàdé tí ń bọ̀: ọjọ́ wo ni a gbé aṣọ àjọ̀dún tó kọjá fún télọ̀, ọjọ́ wo ni a ní a fẹ́ ẹ, èló ni a san lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìgbà wo ni a sì san án tán? Kí a kà á sókè kí a tó ka Jákọ́bù.