Agbẹ́jọ́ Ẹnìkan Dá: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìwé Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ àti Ohun Tí A Jẹ

Àwọn baba wa ló ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí ó sì tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ aáwọ̀ tọkọtaya tàbí ọ̀rọ̀ ààlà oko ni wọ́n sábà ń pa òwe náà sí, lójú tèmi, kò sí ibi tó tún ti bá a mu lóde òní ju iwájú ìwé pélébé tí wọ́n ń nà sí ènìyàn láti ojú fèrèsé ilé àyẹ̀wò, èyí tí wọ́n kọ ohun tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wí sí, tí wọn kò sì kọ ohun tí ẹnu rẹ̀ ti jẹ kí ó tó débẹ̀ sí i.

Àgbàlagbà kan wà ní Ìkẹ́rẹ́, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé rẹ̀ kọjú sí òkè Olósùnta, tí mo ń pè ní bàbá nítorí pé ẹgbẹ́ baba mi ni. Ní àkókò tí iṣu tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ kún ọjà, bàbá yìí lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe pé nǹkan kan ń ṣe é, bí kò ṣe pé ọmọ rẹ̀ tó wà ní Èkó ti fi owó ránṣẹ́, tó sì fi ẹ̀bẹ̀ lé e. Ìwé jáde: ṣúgà 188. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, bàbá ti bú iṣu, ó ti bú odó, ó ti bú ọmọ odó, ó sì ti búra pé iyán kò tún ní gba ọ̀nà ọ̀fun òun kọjá mọ́ títí ọjọ́ alẹ́. Ẹni tó bá mọ Èkìtì ni yóò mọ bí ìbúra yẹn ti wúwo tó, nítorí láàárín tiwa, láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìsẹ̀ dé Èmùré, kò sẹ́ni tó ń jiyàn pé iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kí ẹnu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú.

Mo bi í pé, "Bàbá, kí lẹ jẹ kí ẹ tó lọ?"

Ó wò mí bí ẹni wo aṣiwèrè. "Iyán ni mo jẹ. Ṣé ebi ni o fẹ́ kí n gbé lọ sílé àyẹ̀wò ni?"

Kò tíì tó wákàtí kan tó jẹun tán tí wọ́n fi fa ẹ̀jẹ̀ náà. Ìdí ọ̀rọ̀ nìyẹn, nítorí pé iyán, gààrí, ìrẹsì àti búrẹ́dì, gbogbo wọn ló ń di ṣúgà nínú ikùn, tí ṣúgà náà sì ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ, tí yóò gòkè fún ìgbà díẹ̀ lára ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ọmọdé tí ara rẹ̀ le koko. Àyẹ̀wò tí wọ́n sábà fi ń ṣe ìdájọ́ ni èyí tí wọ́n ṣe fún ẹni tí kò fi ohunkóhun kan ẹnu, àfi omi, fún wákàtí 8 ó kéré tán: bí iye náà kò bá tó 100, ara dá, láti 100 dé 125, ènìyàn ti dé ẹnu ibodè, bí ó bá sì di 126 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó tún rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ mìíràn, àtọ̀gbẹ ni. Ilé àyẹ̀wò mìíràn ń fi òṣùwọ̀n tó yàtọ̀ kọ ọ́, tó fi jẹ́ pé 7.0 tí wọ́n kọ fún ọ̀rẹ́ rẹ kò sàn ju 126 tí wọ́n kọ fún ọ, ohun kan náà ni wọ́n; fi 18 sọ èyí tó kéré di púpọ̀, ìwọ yóò rí i.

Bàbá padà lọ lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì pẹ̀lú ikùn òfìfo àti ojú kíkorò. Iye tó jáde ni 108. Ìwé kejì kò dá a láre pátápátá, kò sì dá iyán lẹ́bi bí bàbá ti dá a lẹ́bi.

Ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn ló wà lórí ìwé náà tí oúnjẹ àná lè fi ọwọ́ kàn. Ẹni tó jẹ ẹran púpọ̀ níbi òkú àgbà lè rí i pé kreatínì, tí wọ́n fi ń wo iṣẹ́ kíndìnrín, gòkè díẹ̀ lọ́jọ́ kejì, pàápàá bí kò bá mu omi tó. Ọtí máa ń gbé ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ sókè. Epo pupa ni mo rí i pé àwọn ènìyàn ń ṣi ẹ̀rí jẹ́ nípa rẹ̀ jù: kò ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù nínú rárá, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ló jẹ́ irú ọ̀rá tó ń mú kí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà ẹni tó ń bu epo bí ẹni ń bu omi kò gbọdọ̀ fi irọ́ tu ara rẹ̀ nínú.

Àwọn èsì kan sì wà tí oúnjẹ kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú wọn. Ọ̀pọ̀ àwa aláwọ̀ dúdú ni iye ẹ̀jẹ̀ funfun wa kéré ju èyí tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, nítorí pé ara àwọn òyìnbó ni wọ́n ti kọ́kọ́ mú òṣùwọ̀n náà. Àbùdá kan tó wọ́pọ̀ láàárín wa, èyí tó tún ń dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ irú ibà kan, ló fà á. Mo ti rí ẹni tó ń jẹ ẹ̀fọ́ láàárọ̀ lálẹ́ nítorí iye yìí, bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá rẹ̀ ló ti jogún rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí a ti ń gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀jẹ̀ àti ẹjọ́ ẹnu pọ̀, kí ó rántí ọmọ Èkìtì kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí, tí wọ́n bí ní 1935, akẹ́kọ̀ọ́ Christ's School ní Adó-Èkìtì, tó di àgbà nínú ìmọ̀ àrùn iṣan àti ọpọlọ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ní àwọn ọdún 1960, ó wo àwọn ará abúlé ní àgbègbè Ẹ̀pẹ́ tí ẹsẹ̀ wọn ń kú tipiri, tí wọ́n ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí wọ́n bá ń rìn, tí ojú àwọn kan ń ṣú, tí etí àwọn mìíràn ń di. Nígbà tó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ó bá tayosáyánéètì nínú rẹ̀ lọ́pọ̀ ju bó ti yẹ lọ. Kò sáré dájọ́. Ó jókòó ti ìkòkò ọbẹ̀ wọn, ó sì rí i pé ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, pẹ̀lú ẹja tàbí ẹ̀wà tí kò tó nǹkan. Oró kan wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù, tí rírẹ, rírin, fífún àti yíyan ń lé jáde. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ara máa ń fi èròjà inú ẹja, ẹyin, ẹran àti ẹ̀wà pa á, òun ló sì ń di tayosáyánéètì tí ọ̀jọ̀gbọ́n náà rí nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ó kọ ọ́ jáde ní 1968, ayé sì gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn tó wádìí lẹ́yìn rẹ̀ tún bá ìlú kan pàdé tí oró ẹ̀gẹ́ ti ń wọ ara ènìyàn lọ́pọ̀, tí àìsàn náà kò sì wọ́pọ̀ níbẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹjọ́ ẹ̀gẹ́ kò tíì parí títí dòní. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn náà. Bí ẹjọ́ tí irú ọ̀mọ̀wé bẹ́ẹ̀ fi gbogbo irin iṣẹ́ rẹ̀ dá bá ṣì ń dúró de ẹlẹ́rìí tí kò tíì dé, kí ni tèmi àti tìrẹ tí a ń fi ìwé kan ṣoṣo lé oúnjẹ kúrò nílé?

Nítorí náà, bí èsì tí ìwọ kò retí bá dé, má sùn lé e, má sì sá fún un. Jókòó, kí o kọ ohun tí o jẹ àti ohun tí o mu láàárín ọjọ́ mẹ́ta tó ṣáájú sílẹ̀, pẹ̀lú àgbo, pẹ̀lú oògùn ara ríro, pẹ̀lú paraga tí ìwọ kò fẹ́ kí ìyàwó rẹ gbọ́. Dókítà kì í ṣe ìyàwó rẹ. Béèrè bóyá ó yẹ kí wọ́n tún un ṣe, kí ó sì jẹ́ ilé àyẹ̀wò kan náà. Bí o bá jẹ́ ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ kò tó, sọ ọ́ fún wọn, nítorí àyẹ̀wò tó ń sọ bí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ti rí láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn lè purọ́ fún irú yín. Ṣùgbọ́n bí òùngbẹ bá ń gbẹ ọ́ láìdábọ̀, tí o ń tọ̀ léraléra, tí o sì ń rù, má dúró ka òwe kankan mọ́: wàràwàrà là ń yọ oró iná.

Ní ti bàbá mi ti Ìkẹ́rẹ́, wọn kò ní kí ó fi iyán sílẹ̀. Wọ́n ní kí ó dín òkèlè kù, kí ẹ̀fọ́ pọ̀ ju iyán lọ nínú àwo, kí ó máa fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí oko dípò kí ó gun ọ̀kadà, kí ó sì padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ìyàwó rẹ̀ ti ra àwo kékeré kan, ó gbé ńlá pamọ́ sórí àjà. Bàbá ní òun ti mọ ibi tó wà.